Táyé tó ínṣì 42, Kẹ́hìndé ò tó o

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Manchester la wà. A fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun láti Port Canaveral ní Florida nínú oṣù kẹjọ, a ò tíì sanwó. Àwọn ìbejì wa, obìnrin ni àwọn méjèèjì, ọmọ ọdún márùn-ún ni wọ́n. Sẹ̀ǹtímítà 108 ni Táyé, Kẹ́hìndé jẹ́ 105 ààbọ̀. Ìdòwú ṣì ń lo pámpásì. Ọ̀rọ̀ slide olómi nìkan ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ yìí láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí Kẹ́hìndé gùn ún bí bàbá rẹ̀ bá gbé e sí itan? Àbí ọgbọ́n kan wà tí a lè dá sí i? Ìyá Ìbejì.

Èsì: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ẹ̀jìrẹ́. Wọn ò ní gbà kí bàbá rẹ̀ gbé e sí itan. Ẹ má sì dá ọgbọ́n kankan sí i. Èmi ti dá a rí.

Ínṣì 42 ni ìwọ̀n tí ẹ máa bá pàdé jù. Ínṣì kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.54, nítorí náà 42 jẹ́ 106.7. Táyé fi ohun tó lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan kọjá rẹ̀, Kẹ́hìndé náà fi nǹkan bí ìwọ̀n kan náà kù. Ínṣì 42 ni Carnival, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kan, ń béèrè lórí slide rẹ̀ tó ń jẹ́ Twister. Òun náà ni Disney ń béèrè lórí AquaDuck, èyí tó wà lórí Disney Dream àti Disney Fantasy, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ní àfikún tó kàn yín gan-an: ẹni tí kò bá tó ínṣì 54, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 137, kò lè dá gùn ún, ọmọ tí kò bá sì tíì pé ọdún méje gbọ́dọ̀ bá ẹni ọdún 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí ni wọ́n ń jókòó lé, ènìyàn méjì ló sì ń gbà. Ìyẹn ni pé kódà bí Kẹ́hìndé bá ga tó, àwọn ìbejì kò lè jókòó pọ̀ nínú rọ́bà kan. Táyé pẹ̀lú òbí kan, Kẹ́hìndé pẹ̀lú òbí kejì, ọmọ níwájú, àgbà lẹ́yìn. Ẹ sọ èyí fún wọn kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹkún orí àtẹ̀gùn slide kì í ṣe kékeré, èrò á sì wà lẹ́yìn yín.

Àwọn ìwọ̀n mìíràn ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. AquaDunk orí Disney Magic, níbi tí ilẹ̀ ti ń ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, ínṣì 48 ni, ìyẹn nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 122. Ultimate Abyss orí Harmony of the Seas ti Royal Caribbean kò lómi nínú, orí ẹní ni wọ́n fi ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀, ínṣì 44 ló ń béèrè. Àwọn ìbejì méjèèjì ò tó o. FlowRider tiwọn, níbi tí omi ti ń ṣe bí ìgbì, ínṣì 52 ni fún ẹni tó máa dùbúlẹ̀ lórí pátákó, 58 fún ẹni tó máa dúró. Nítorí náà, ẹ má kàn béèrè pé “ṣé ọkọ̀ yín ní slide?” Ẹ béèrè orúkọ slide kọ̀ọ̀kan lórí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ sanwó fún, àti ìwọ̀n tirẹ̀, torí ọkọ̀ méjì ti iléeṣẹ́ kan náà kì í sábà ní irú slide kan náà.

Ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ń fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ga lọ́dún, ìyẹn ìdajì sẹ̀ǹtímítà lóṣù. Kẹ́hìndé lè bá 106.7 kí oṣù kẹjọ tó dé. Ṣùgbọ́n ènìyàn a máa ga láàárọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ. Egungun ẹ̀yìn a máa fún pọ̀ bí a ṣe ń rìn tí a ń dúró, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà kan kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tí wọ́n gbà láago mẹ́sàn-án àárọ̀ lè di ẹni tí wọ́n dá padà láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ wọ̀n wọ́n báyìí: ẹsẹ̀ lásán, gìgísẹ̀, ìdí àti ẹ̀yìn kan ògiri, ojú ọmọ sí iwájú gbọọrọ, kí ẹ fi ìwé tó le, tó ní igun, tẹ irun mọ́lẹ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sábẹ́ ìwé náà, kí ẹ wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Iye ti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbà, kì í ṣe ti àárọ̀.

Irun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, sẹ̀ǹtímítà 105 sì ni lára ògiri ilé wa. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, mo di ṣùkú sí i lórí, mo fi irun àtọwọ́dá kún un kí ó lè dúró ṣánṣán. Orúkọ ọkọ̀ náà kò ṣe pàtàkì, èmi ni mo di irun. Òṣìṣẹ́ wọ̀n ọ́n láàárọ̀, ọ̀pá ìwọ̀n kan orí ṣùkú rẹ̀, wọ́n so bàǹdì mọ́ ọn lọ́wọ́. Slide tí kò ní rọ́bà ni, ẹ̀yìn lèèyàn fi ń sùn lọ. Lẹ́yìn kọ́nà tó kẹ́yìn, ibì kan tẹ́jú níbẹ̀. Àgbàlagbà wúwo, eré tó bá bọ̀ á gbé e kọjá ibẹ̀. Ọmọ tó fúyẹ́ a máa dúró. Ó dúró. Mo wà nísàlẹ̀, mo rí orí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà, mo pariwo pé, “Dùbúlẹ̀! Dùbúlẹ̀!” Yorùbá ló jáde lẹ́nu mi. Ọmọ náà kò gbọ́ Yorùbá. Ó dìde jókòó, ó yíjú sí mi láti béèrè ohun tí mo wí. Iná ewéko ti tàn lókè, nítorí àkókò ni iná yẹn ń kà, kì í ka ọmọ tó há sí ọ̀nà. Ọmọkùnrin tó tẹ̀lé e fi ẹsẹ̀ méjèèjì gbá a lẹ́yìn. Ó fi ẹnu lu ẹ̀gbẹ́ slide, eyín méjì kán, ó sì mu omi.

Eyín ọmọdé a máa hù padà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọdún méjì ní Ìjẹ̀bú mọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mi ò kọ́ ọ. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wọ́n ní kí a máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i kí ó lè tètè sọ̀rọ̀, a sì gbà wọ́n gbọ́. Owó ọkọ̀ yẹn ì bá gbé gbogbo wa lọ sí ilé lọ́dọ̀ ìyá mi. Mo mọ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń wo gíga nìyẹn. Wọn ò lè gbé òṣùwọ̀n ìwúwo sí ẹnu gbogbo slide, torí náà ọ̀pá ni wọ́n fi ń mọ ọmọ tó wúwo tó láti kọjá ibi títẹ́jú, tí ọrùn rẹ̀ lè gbé orí rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè kan ilẹ̀ níbi tí omi ti ń dá ènìyàn dúró nísàlẹ̀. Ti gbígbé sí itan burú jù. Ẹsẹ̀ ọmọ á lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ slide, ìwúwo bàbá á ṣì máa lọ, egungun ojúgun ọmọ á yí, á sì kán. Lórí slide inú ọgbà lásán ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí a má tíì sọ ti inú ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ di irun wọn ní ìpàkó ẹlẹ́dẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ orí, kí ẹ má fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí irun. Ẹ yọ yẹtí, ẹ yọ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí àti ti ọrùn ẹsẹ̀. Aṣọ ìwẹ̀ tó ní síìpù tàbí irin kankan, wọ́n á dá a padà, nítorí ó ń ha ojú slide, ó sì lè kọ́ ojú ìsopọ̀ rẹ̀. Kí ẹ wá fi kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì: dùbúlẹ̀ gbalaja, fi ọrùn ẹsẹ̀ kan lé ìkejì, ká ọwọ́ méjèèjì sí àyà, má dìde jókòó àyàfi bí omi bá ti dá ọ dúró nísàlẹ̀. Bí o bá há, fi ọwọ́ ti ara rẹ lọ, ẹ̀yìn ni kí o fi sùn síbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn lókè. Ẹ̀yin, ẹ kọ́ wọn ní èdè tó máa jáde lẹ́nu yín bí àyà yín bá já.

Bí ọmọ bá mu omi tó sì ń wúkọ́ láì dáwọ́ dúró, tó ń mí kíákíá, tàbí tí oorun tí kò yẹ ń kùn ún, ilé ìwòsàn inú ọkọ̀ lẹ ń lọ, kì í ṣe yàrá. Owó ibẹ̀ ń wọ àkáǹtì yàrá yín ni. NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò ní san án. Ẹ ra ìbánigbófò ìrìnàjò tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun bo ọkọ̀ ìgbafẹ́.

Ti Ìdòwú rọrùn. Lórí ọkọ̀ tó ń ti Amẹ́ríkà gbéra, ọmọ tí kò tíì mọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lò kì í wọ odò ìlúwẹ̀ẹ́, kódà pẹ̀lú pámpásì ìwẹ̀. Ibi tí omi ti ń tú jáde láti ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ọwọ́ nìkan ni wọ́n ń gbà á, kì í sì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní in. Disney àti Royal Caribbean ní in lórí àwọn ọkọ̀ ńlá wọn.

Kẹ́hìndé ló kù. Táyé á lọ tọ́ ọ wò bó ṣe máa ń ṣe, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò sì ní lè tẹ̀ lé e. Mi ò mọ ohun tí ẹ máa sọ fún un. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ìwọ̀n ìrọ̀lẹ́ kò bá tó 106.7, ẹ wá ọkọ̀ tó ní slide kékeré nínú ọgbà omi àwọn ọmọdé, èyí tí àwọn méjèèjì lè gùn, kí ẹ fi ti ńlá sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ tún wọ̀n wọ́n lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ sanwó, lẹ́yìn tí ẹ bá ti tú irun wọn.