Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni jọ́gíráfì wà fún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí, mo sì wà ní SS3. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́, jọ́gíráfì ni mo fẹ́ràn jù, pàápàá apá tó jẹ mọ́ ènìyàn: ìdí tí àwọn kan fi ń kúrò lábúlé, bí ìlú ṣe ń gbòòrò, bí ọjà ṣe ń ti ibì kan dé ibòmíràn. Bàbá mi, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ èrò láti Kútọ̀ lọ sí Èkó, sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ nìkan ni ẹni tó bá ka jọ́gíráfì lè ṣe, wọ́n sì fẹ́ kí n lọ ka akáńtì. N kò fẹ́ ṣàìgbọràn sí wọn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè ṣètò ẹ̀kọ́ yìí tí n kò fi ní kábàámọ̀ lẹ́yìn ọ̀la? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìbarà, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, n ó kọ́kọ́ gbè sẹ́yìn bàbá rẹ níbì kan. Òótọ́ ni pé ó ṣòro kí o tó rí ọ́fíìsì tí wọ́n kọ “onímọ̀ jọ́gíráfì” sára ilẹ̀kùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ akáńtáǹtì ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ ní gbogbo ilé iṣẹ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀ ni pé iṣẹ́ náà wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ mìíràn: aṣètò ìlú, òṣìṣẹ́ ètò ìkànìyàn, ayàwòrán máàpù, olùwádìí ọjà, aṣètò ìlera ìgbèríko. Ẹni tó bá ka ẹ̀kọ́ yìí láìmọ èyí tó fẹ́ nínú wọn títí ó fi jáde ni ọ̀rọ̀ bàbá rẹ sábà máa ń ṣẹ mọ́ lára. Nítorí náà, ìsinsìnyí gan-an ni kí ètò rẹ ti bẹ̀rẹ̀, inú ìlú tí o ń gbé sì ni.

Nígbà tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, wọn kò wá bí ará ìlú kan ṣoṣo. Àwọn ìlú tí ogun ti tú ká nínú igbó Ẹ̀gbá ni wọ́n tún ara wọn kó jọ, wọ́n sì gbé orúkọ ìlú wọn dání wá. Ìdí nìyí tí Ìtòkò, Kémta, Ìjẹùn, Ìgbẹ̀ìn àti Ìkìjà fi jẹ́ àdúgbò lónìí, tí kálukú sì ní àwọn olóyè tirẹ̀. Àwọn Òwu dé lẹ́yìn náà, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sierra Leone, náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ojú irin láti Èkó, tó dé Ìbàdàn ní 1901, gba ìlú wa kọjá. Ní 2021, wọ́n ṣí ojú irin tuntun, ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní Ládẹ̀rin. Ta ni yóò kó lọ gbé ní Ládẹ̀rin? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àgbẹ̀ tó ní oko níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Irú ìbéèrè báyìí ni ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ kà ń dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé ẹ̀kọ́ yìí fún ènìyàn, ìyẹn ni dáàmù Òyán tí wọ́n ṣí ní 1983. Omi tí wọ́n sé bo oko àti abúlé mọ́lẹ̀, wọ́n kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí ibùgbé tuntun létí adágún náà, nígbà tó sì yá, àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, tí kòkòrò rẹ̀ ń gbé lára ìgbín inú omi kó tó ran ènìyàn, gbilẹ̀ láàárín wọn. Ẹnjiníà lè sọ iye omi tí dáàmù gbà. Ẹni tó yẹ kó ti béèrè ibi tí àwọn ọmọdé yóò ti máa wẹ̀, ibi tí ìyàwó ilé yóò ti máa pọn omi, àti bí ọ̀nà oko ṣe jìn sí, onímọ̀ jọ́gíráfì ni. Iṣẹ́ tó lè gba ẹ̀mí là ni.

Bí bàbá rẹ bá béèrè ẹni tó fi ẹ̀kọ́ yìí dé ibi gíga, dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó kú ní 2022. Ní 1980, òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó di ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jọ́gíráfì lágbàáyé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 2009 lórí àtúnṣe ètò ilẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ní 1970, ó kọ̀wé lórí ìdí tí ará abúlé fi ń ṣí lọ sí ìlú, ohun tó sì tẹnu mọ́ ni pé ìrìn àjò náà kò parí lọ́jọ́ tí ènìyàn gbéra: ìròyìn tí ẹni tó ti lọ ń fi ránṣẹ́ sílé ló ń fa ẹlòmíràn lọ tàbí kó dá a dúró.

Bàbá rẹ mọ ọ̀rọ̀ yìí ju bí wọ́n ti rò lọ, nítorí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń rí i nínú ọkọ̀ wọn. Bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ fún oṣù kan. Ra ìwé kékeré kan, kí o máa kọ gbogbo ìrìn àjò wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá ti wọlé lálẹ́: aago tí ọkọ̀ gbéra ní Kútọ̀, bí ó ti pẹ́ tó kó tó kún, iye èrò tó sọ̀ ní Ìtòrì, ní Ìfọ̀, ní Sango, àti iye àwọn tó bá wọn dé Èkó. Ya ọjọ́ Mọ́ńdè sọ́tọ̀ kúrò lára ọjọ́ Jímọ̀. Lẹ́yìn oṣù náà, ya ọ̀nà yẹn sórí pépà, kí o fi ìlà tó nípọn hàn níbi tí èrò pọ̀ sí àti ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ níbi tí wọn kò pọ̀. Wàá rí ibi tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ń kó lọ gbé, bàbá rẹ náà yóò sì rí ohun tí ọmọ wọn ń sọ. Èmi fúnra mi, ọjà Láfẹ́ńwá ni mo ti kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta láfún ka àwọn abúlé tí ọjà rẹ̀ ti ń wá sórí ìka fún mi, ó wá ká ìka méjì padà, ó ní, “Àwọn méjì yìí kì í wá mọ́, afárá wọn ti já.” Ìka méjì yẹn ni mo fi kọ odidi orí kan nínú iṣẹ́ àṣejáde mi.

Ní ti ìwọlé, o nílò kírédíìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, kí Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò àti jọ́gíráfì wà nínú wọn. Má fi ìṣirò ṣeré rárá. Nínú ìdánwò JAMB, o lè fi jọ́gíráfì, ìṣirò àti ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé kún Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wo ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB ti ọdún tí o fẹ́ wọlé kí o tó kọ wọ́n sílẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn, ti Èkó, ti Ifẹ̀ àti ti Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ní ẹ̀ka jọ́gíráfì. 

Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà, ohun méjì ni mo sì fẹ́ kí o dì mú ṣinṣin nínú rẹ̀. Èkíní ni ìmọ̀ ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣe ìwádìí, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá fún. Èkejì ni yíya máàpù lórí kọ̀ǹpútà. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní QGIS wà fún èyí, tí a kì í sanwó fún, o sì lè bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kìíní láìdúró de olùkọ́. Láti 2006 ni wọ́n ti ka ènìyàn kẹ́yìn ní orílẹ̀-èdè yìí, nítorí náà ẹni tó bá lè wo àwòrán sátẹ́láìtì kó sì fòye sọ iye ènìyàn tó wà ní àdúgbò kan wúlò gan-an. Nígbà tí wọ́n ń lé àrùn rọpárọsẹ̀ lọ ní àríwá, irú máàpù bẹ́ẹ̀ ló fi àwọn abúlé tí àjẹsára kò dé hàn. Bí o bá sì fẹ́ di aṣètò ìlú, wàá tún lọ gba oyè kejì nínú ètò ìlú, kí o tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TOPREC, ìyẹn àjọ tó ń forúkọ àwọn aṣètò ìlú sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ọ̀bàńtokò, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo ní NCE nínú jọ́gíráfì. Ṣé kò ti pẹ́ jù fún mi láti lọ gba dìgírì? — Olùkọ́, Ọ̀bàńtokò.

ÌDÁHÙN: Kò pẹ́ rárá, Ọ̀gá Olùkọ́. Fọ́ọ̀mù Direct Entry ti JAMB ni kí ẹ rà, kì í ṣe ti àwọn ọmọ SS3. Bí wọ́n bá gbà yín, ìpele 200 ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di ọdún mẹ́ta. Níwọ̀n bí ẹ ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, NYSC kò ní pè yín fún ìsìnlú, ìwé ìyọ̀ǹda ni wọn yóò fún yín. Kí ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ lọ bi àwọn tó gbà yín síṣẹ́ bí wọ́n bá lè fún yín ní ìsinmi láti lọ kàwé, ẹ sì rí i pé ẹ gba ìdáhùn wọn lórí ìwé.