Ṣé ó yẹ kí á fi wúrà bo mìhírábù?

Ìbéèrè: Àfáà wa, Alhaji kan nínú jamáà wa fẹ́ san owó kí wọ́n fi wúrà tó fẹ́lẹ́ bí ìwé lẹ mìhírábù wa, ihò ara ògiri iwájú mọ́sálásí níbi tí ìmáàmù ń dúró sí. Àwọn kan ní haráàmù ni, pé ìrun tí a bá kí níwájú rẹ̀ ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn ní ẹ̀san ńlá ni. Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ìjà.

Ìdáhùn: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ẹni tó ní ìrun bàjẹ́ ti sọ ohun tí kò ní ẹ̀rí lé lórí, kí ó tètè tọrọ àforíjì. Ìrun yín dára. Ṣùgbọ́n ní ojú ọ̀nà Imam Màlíkì tí à ń tọ̀, màkúrúhù ni (ohun tí a kórìíra, tí kò tó haráàmù) kí á ṣe kìbúlà, ìyẹn ìhà iwájú tí à ń kọjú sí kírun, lọ́ṣọ̀ọ́. Nínú Mudawwanah, ìwé òfin ojú ọ̀nà Màlíkì, Imam Màlíkì mẹ́nu ba ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ṣe sí kìbúlà mọ́sálásí Mẹ̀dínà, ó ní àwọn ènìyàn kórìíra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é, nítorí pé wọn a máa wò ó lórí ìrun, a sì máa gba ọkàn wọn. Mọ́sálásí Ànábì fúnra rẹ̀ ló ń sọ o, ká má tíì sọ ti àdúgbò wa.

Ibn Abbas, sàábé Ànábì, náà sọ pé ẹ ó ṣe àwọn mọ́sálásí lọ́ṣọ̀ọ́ bí àwọn Júù àti Násárá ti ṣe tiwọn. Inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá "zukhruf" ni ọ̀rọ̀ tó lò ti jáde, wúrà gan-an sì ni ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ zukhruf.

Àwọn kan ń sọ pé omi wúrà lásán ni, pé bí a bá ha á kúrò, kò ní kún ṣíbí. Lóòótọ́, Khalil, onímọ̀ òfin Màlíkì, sọ pé ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn onímọ̀ wa ní lórí ohun tí wọ́n fi omi wúrà rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ abọ́ àti ife nìyẹn. Ní ti kìbúlà, ojú tó ń ṣáko ni wọ́n ń sá fún, nítorí náà ọ̀dà aláwọ̀ wúrà tó bá ń dán bẹ́ẹ̀ kò yọ sílẹ̀. Mo ti kírun lẹ́yìn irú mìhírábù bẹ́ẹ̀ rí: bí iná ṣe ń tàn sí i ni ọmọdé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbé orí sókè, tó ń ka lẹ́tà ara rẹ̀ títí a fi rúkúù, èmi náà sì rí i pé mò ń bá a kà á. Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, bọ́ aṣọ oníṣẹ́-ọnà kan padà fún sàábé rẹ̀ kan, Abu Jahm, nítorí pé ó gba ọkàn rẹ̀ lórí ìrun.

Ẹ má dójú ti Alhaji, ohun rere ló gbèrò. Kí àwọn àgbà méjì lọ bá a nílé, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì mú un dé ibi àlùwàlá tí ẹ̀rọ omi rẹ̀ ti bàjẹ́.