Dán ìbéèrè rẹ wò kí o tó kọ àbá ìwádìí lórí àkàyé

Àbúrò mi, o ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ Prámárì Fọ́ọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní àkàyé, o wá ń béèrè ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀ àbá ìwádìí rẹ. Jọ̀ọ́, má bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀nà ìkọ́ni. Ibẹ̀ lèmi ti bẹ̀rẹ̀, odindi táàmù kan ló sì bá a lọ.

Àyọkà tí mo fi dán àwọn ọmọ wò dá lé gaàrí ṣíṣe. Mo ní ohun tí ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ ló máa tètè yé e. Ọmọbìnrin kan da ojú ìwé náà dé sórí tábìlì, kò kà á rárá, ó ń kọ ìdáhùn lọ. Mo bi í pé báwo. Ó ní, “Àǹtí, ìyá àgbà mi ń yan gaàrí. Wọ́n á lọ ẹ̀gẹ́, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e, wọ́n á jẹ́ kó kan dáadáa.” Gbogbo ìbéèrè ló gbà. Ọwọ́ mi rọ. Kì í ṣe àkàyé ni mo wọ̀n, iṣẹ́ ilé ìyá àgbà ni.

Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ mìíràn ni mo kọ́kọ́ máa ń fún ní ìbéèrè láìfún wọn ní àyọkà. Èyí tí ọ̀pọ̀ wọn bá gbà, mo yọ ọ́ dànù.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé sókè sí ọ létí, kí ìwọ náà ka òmíràn fún un, kó sọ ohun tó gbọ́. Ọmọkùnrin kan kò lè ka ìlà méjì láìdúró. Nígbà tí mo kà á fún un, kò sí ibi tó fò. Òmíràn ń kà bí omi, kò lè sọ ẹni tí ìtàn dá lé. Gough àti Tunmer, àwọn olùwádìí nípa ìwé kíkà, sọ lọ́dún 1986 pé bí ẹni sọ mímọ ọ̀rọ̀ kà di púpọ̀ pẹ̀lú gbígbọ́ èdè ni àkàyé rí: bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni èsì. Ọ̀nà ìkọ́ni tí àwọn olùwádìí mìíràn, Palincsar àti Brown, gbé jáde lọ́dún 1984, níbi tí ọmọ ti ń sọ tẹ́lẹ̀, tó ń béèrè, tó ń tú ohun tó rú u lójú, tó sì ń ṣàkópọ̀, àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n kà tí kò yé ni wọ́n fi ṣe é. Ọmọkùnrin tí kò lè ka ìlà méjì yẹn kò sí lára irú wọn.

Kàlẹ́ńdà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kẹfà tèmi bọ́ sí Iléyá. Ojúde Ọba sì rèé, ọjọ́ kẹta Iléyá, kíláàsì ṣófo. Lọ́dọọdún ni Iléyá ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti èṣí, torí náà ti ọdún tí wàá wọ kíláàsì gan-an ni kí o wò.