Wọ́n tún gíà mọ́tò mi ṣe, kò tóṣù kan ó tún bẹ̀rẹ̀: ṣé kí n kó ọlọ́pàá lọ bá wọn ni?

Àbúrò mi ní Iléṣà, mo ka lẹ́tà ẹ, ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an. Fún àwọn tó ń kà á, ohun tó kọ sí mi rèé. Tíṣà ni, Camry ọdún 2003 tí bàbá ẹ̀ fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ló ń wà, òun ló ń gbé lọ sí Ifẹ̀ ní Sátidé torí ìwé tó ń kà ní OAU. Gíà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ló bá gbé e fún mẹkáníìkì tó ti ń bá bàbá ẹ̀ tún mọ́tò ṣe látìgbà tóun ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Bàbá yìí ní kó má wulẹ̀ ra tòkunbọ̀, àwọn á tú gíà náà, àwọn á pààrọ̀ dísìkì inú ẹ̀. Ó san 260,000 náírà. Kò tóṣù kan, lọ́nà Òṣú, ẹ́ńjìnnì ń ké ṣùgbọ́n mọ́tò ò lọ. Ó gbé e padà fún wọn, wọ́n ní sọlẹnọ́ìdì, nǹkan kékeré oníná tó ń darí ọ́ọ̀lì nínú gíà, ló kù, kó mú 90,000 wá. Ó ní kò sówó lọ́wọ́ òun mọ́, wọ́n wá ní, "Bàbá ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí rí." Látìgbà yẹn mọ́tò ṣì wà lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin tó wà n'Íbàdàn sì ti ní òun mọ ọlọ́pàá kan tó máa gbé wọn.

Kí n yára sọ ti ọlọ́pàá yẹn ná. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ẹ ṣe é. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú èèyàn kìkì torí àdéhùn tó bàjẹ́ láàárín ẹni méjì, ọ̀rọ̀ tiyín ò dẹ̀ ju ìyẹn lọ, o gbé iṣẹ́ fún wọn, o sanwó, iṣẹ́ ò dáa. Wọn ò jí mọ́tò ẹ. Tí wọ́n bá gbé bàbá yẹn sun àgọ́ ọlọ́pàá mọ́jú, owó tó yẹ kí wọ́n fi ra dísìkì fún ẹ ni wọ́n máa fi gba ara wọn sílẹ̀, gíà ẹ ò dẹ̀ ní torí ẹ̀ wọlé. Àwa Ìjẹ̀ṣà kọ́ la máa kọ́ béèyàn ṣe ń gba owó ẹ̀. Àwọn òṣómàáló ayé àtijọ́, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, ò kó ọlọ́pàá dání, wọ́n á lóṣòó síwájú ẹni tó jẹ wọ́n lówó ni, wọn ò ní bú u, wọn ò dẹ̀ ní kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n má san 90,000 yẹn o. Mi ò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Nínú gíà ọ̀tọmátíìkì, agbára ọ́ọ̀lì ló máa ń fún àwọn dísìkì pọ̀ kí mọ́tò tó lè lọ, sọlẹnọ́ìdì dẹ̀ wà lára ohun tó ń darí ọ́ọ̀lì yẹn. Tí agbára ọ́ọ̀lì ò bá tó, dísìkì á máa yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n á gbóná, wọ́n á jó. Torí náà sọlẹnọ́ìdì lè ba gíà jẹ́ lóòótọ́. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé, nígbà tí gíà wà nílẹ̀ tí wọ́n ti tú u palẹ̀, kí ló dé tí wọn ò yẹ sọlẹnọ́ìdì wò kí wọ́n tó dè é padà? Ẹni tó bá dísìkì tó jó nínú gíà gbọ́dọ̀ wá ohun tó jó o kó tó fi tuntun sí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń gbèjà ara wọn yẹn gan-an ló fi hàn pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ ò pé.

Ohun mìíràn tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kó o má wọ́ mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì míì kó lọ tú u. Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ, mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ ẹ kan ti ní òun mọ ẹnì kan tó mọ gíà dáadáa. Ṣùgbọ́n wákàtí tí ẹlòmíì bá ti fi sípánà kan gíà yẹn, ẹjọ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn, torí Bàbá á ní nígbà tó kúrò lọ́wọ́ àwọn kò rí báyìí, ẹni tó tú u ló bà á jẹ́, kò dẹ̀ sí ẹni tó máa lè sọ pé irọ́ ni. Tó o bá fẹ́ kí ẹni tó mọ gíà wò ó, mú un lọ bá Bàbá, kó wò ó lójú wọn.

Ìwọ fúnra ẹ náà lè kọ́kọ́ wo nǹkan kan. Ní kí wọ́n sítáàtì mọ́tò kó gbóná dáadáa, kí wọ́n tẹ bíréèkì, kí wọ́n fa gíà kọjá lórí gbogbo lẹ́tà tó wà níbẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sí P, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́. Fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ọ̀lì gíà yọ, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì o, nù ún sára tíṣù funfun, kó o dẹ̀ yà á ní fọ́tò. Ọ́ọ̀lì tí ò tíì pé oṣù kan yẹ kó ṣì pupa, kó mọ́. Tó bá dúdú, tó ń rùn bíi pé nǹkan jó, tàbí tó o rí nǹkan wínníwínní tó ń dán lára tíṣù yẹn, àwọn dísìkì tuntun yẹn ti jó nìyẹn, sọlẹnọ́ìdì nìkan ò lè tún un ṣe mọ́, 90,000 ẹ kàn máa wọgbó ni.

Wá pe rìwáyà tó ní ẹ̀rọ síkáànù, èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó ń ṣe mọ́tò, kó wá síbẹ̀. Sọlẹnọ́ìdì tí iná ẹ̀ ti bàjẹ́ sábà máa ń fi kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P07 sílẹ̀, ya ìyẹn náà ní fọ́tò. Tí kóòdù ò bá sí, má tíì pariwo pé wọ́n purọ́, torí ìdọ̀tí náà lè há sọlẹnọ́ìdì tí iná ẹ̀ ò ṣe nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìyẹn, má dá lọ. Bá alága ẹgbẹ́ mẹkáníìkì àdúgbò yẹn sọ̀rọ̀, mú àbúrò màmá ẹ tó o sọ pé òun àti Bàbá jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì dání, ẹ lọ láàárọ̀ kí oníbàárà tó pọ̀. Kúnlẹ̀ kí wọn bó o ṣe máa ń ṣe. Kó o wá bi wọ́n: èwo gan-an ni wọ́n pààrọ̀, àwọn dísìkì àtijọ́ dà, páálí àwọn tuntun dà? Ọ́ọ̀lì wo ni wọ́n dà sí i? T-IV ni Toyota sọ fún Camry tìẹ yẹn, kì í ṣe gbogbo ọ́ọ̀lì pupa ló bá a mu. Ṣé wọ́n fọ páìpù tó ń gbé ọ́ọ̀lì gíà lọ sínú rédíétọ̀? Kọnfátà, ìyẹn ohun tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọnú gíà, ńkọ́? Ìyẹ̀fun dísìkì tó jó máa ń lọ sá pamọ́ síbẹ̀, tí wọn ò bá fọ̀ ọ́, ara dísìkì tuntun ló máa padà sí. Béèrè kó o dákẹ́, kí alága gbọ́ ìdáhùn.

Èmi ò ní sọ pé kó o gba gbogbo owó ẹ padà, torí púpọ̀ nínú ẹ̀ ti lè lọ sí ọjà, bàbá náà á kàn ta kú ni. Ohun tó tọ́ lójú tèmi nìyí: kí wọ́n tú gíà náà lójú ẹni tí ẹ jọ fọwọ́ sí, kí wọ́n má gba owó iṣẹ́, dísìkì àti ọ́ọ̀lì tó ti bàjẹ́ wà lọ́rùn wọn. Tó bá wá hàn pé sọlẹnọ́ìdì ti kú lóòótọ́, ìwọ lo máa ra ìyẹn, torí o ò tíì ra á tẹ́lẹ̀, kó o dẹ̀ bá wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n máa parí ẹ̀ àti oṣù mélòó tí wọ́n máa fi dúró fún iṣẹ́ náà, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i. Ọjọ́ tí wọ́n bá parí, kí wọ́n bá ẹ wà á gba ọ̀nà Àkúrẹ́ títí dé àwọn òkè ìhà Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà kó o tó gbà á lọ́wọ́ wọn.

Tí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, kọ lẹ́tà sí wọn, fi fọ́tò àti ẹ̀rí tránsífà ẹ tì í. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n tún iṣẹ́ tí ò dáa ṣe tàbí kí wọ́n dá díẹ̀ padà nínú owó ẹ, ilé ẹjọ́ májísíréètì dẹ̀ wà n'Íléṣà. Àmọ́ a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e sẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ bàbá ẹ tí wọ́n sọ yẹn, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló dùn ẹ́ jù, torí o kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú lẹ́tà ẹ. Má gbé e sọ́kàn bíi pé o ti rí wọn fín. Bàbá ẹ náà ò ní san owó iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n máà béèrè. Béèyàn bá kúnlẹ̀ kí àgbà tán, ó ṣì lè béèrè owó ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, kò sí ìyàjú kankan níbẹ̀.

O tún bi mí bóyá kó o kúkú ta á báyìí. Rárá o. Mọ́tò tí gíà ẹ̀ ò lọ, owó àlòkù irin ni wọ́n máa dá lé e. Jẹ́ kó kọ́kọ́ máa lọ ná, kó o wá rò ó nígbà tí inú ò bí ẹ mọ́.