Báṣé ńlá fún ọ̀nà Kétu: tuntun ni, àbí èyí tí wọ́n ti lò?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa kó àgbàdo àti gààrí láti Kétu lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí ẹ sì máa di símẹ́ǹtì bọ̀. Ẹ ní báṣé ńlá (pikọ́ọ̀pù) Amẹ́ríkà ló wù yín, ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ mú sùúrù títí owó ọkọ̀ tuntun á fi pé, tàbí kí ẹ lọ mú ọ̀kan nínú àwọn àlòkù tí wọ́n ń tà ní pàrákì lójú ọ̀nà Kútọnú. Ìbéèrè kan ṣáájú ìyẹn: kílò mélòó lẹ fẹ́ máa gbé lẹ́ẹ̀kan?

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi owó ṣòfò. Ojú á rí ara ọkọ̀ tó gbòòrò, ọkàn á ní ó máa gbé ju Hilux, báṣé Toyota tó kéré, lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń pa dé sí. Wọ́n lẹ bébà kan tó ní àwòrán táyà mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì kọ ìwọ̀n tí èrò àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá sára rẹ̀, ní kg àti ní lb. Lára Tundra CrewMax, báṣé ńlá Toyota oníyàrá méjì, tó ní ẹ́ńjìnnì oní-lítà 5.7, ẹ ó máa rí nǹkan bíi 1,300 sí 1,600 lb. Ká mú 1,500: kílò 680 nìyẹn. Ẹ̀yin, awakọ̀ àti ọmọ iṣẹ́ kan jókòó, 210 ti lọ, ó ku 470. Àpò símẹ́ǹtì oníkílò 50 mẹ́sàn-án péré ló máa gbà. Hilux oníyàrá kan tó ń mu gásúwálì (dísẹ́ẹ̀lì), tó kéré sí i lójú, ń gbé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan.

Tí ẹ bá di 20 àpò símẹ́ǹtì sẹ́yìn Tundra, yóò gbé e, kò ní dá lọ́jọ́ náà. Ohun tó máa ń ṣe ni pé sípíríǹgì ẹ̀yìn á tẹ́, imú ọkọ̀ á gbé sókè, sítíárì á fúyẹ́ lọ́wọ́, táyà iwájú kò sì ní di ilẹ̀ mú dáadáa mọ́ tí ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì. Bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í hu, jíà á máa gbóná. Ẹ wọn ibi ẹrù náà pẹ̀lú: mítà 1.68 ni ti CrewMax, páànù oní-mítà-2 á yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ti Double Cab, Tundra tí yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ kéré sí i, sún mọ́ mítà 2.

Ibi tí báṣé Amẹ́ríkà ti ju Hilux lọ ni fífà. Tundra 5.7 lè fa remọ́ọ̀kì (kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ọkọ̀ ń fà lẹ́yìn) tó tó tọ́ọ̀nù mẹ́rin, tí remọ́ọ̀kì náà bá ní bíréèkì tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ní remọ́ọ̀kì, tàbí ẹ ń kó ènìyàn márùn-ún pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, ẹ bá Amẹ́ríkà lọ. Tó bá jẹ́ àpò àgbàdo oníkílò 100 mẹ́jọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni, ohun tí mo máa sọ fún ọmọ ìyá mi ni mo ń sọ fún yín: Hilux oníyàrá kan, onígásúwálì, ẹ má wo ẹ̀yìn.

Ẹ ro ti ẹsáǹsì (pẹtiróòlù) mọ́ ọn. Tundra 5.7 ń mu nǹkan bíi lítà 16 ní 100 kìlómítà láìru ẹrù. Kétu sí Àjàṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, ju 200 kìlómítà lọ, nítorí náà ẹ fi lítà 35 sí 40 sọ́kàn fún ìrìn kan. Hilux onígásúwálì kò ní mu ju ìlàjì ìyẹn lọ púpọ̀. Kpáyò, ẹsáǹsì Nàìjíríà tí wọ́n ń tà nínú ìgò lẹ́bàá títì, ni ọ̀pọ̀ ń gbẹ́kẹ̀ lé láti fi rọ́jú, ṣùgbọ́n láti oṣù karùn-ún 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, kò pọ́ọ́kú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Omi àti ìdọ̀tí tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìgò náà tún wà síbẹ̀. Nínú táǹkì ni fílítà epo ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí wà pẹ̀lú pọ́ǹpù, tó bá dí, táǹkì ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti lò lẹ ó rà, ẹ́ńjìnnì ni kí ẹ yàn ṣáájú orúkọ tó wà níwájú ọkọ̀.

Tundra ni mo máa fi síwájú, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni wọ́n fi sínú Land Cruiser. Ẹ̀yà ara rẹ̀ wà ní Kútọnú, àwọn mẹkáníìkì wa sì ti tú u palẹ̀ rí. Èyí tó ní 4.7, láti 2000 sí 2009, bẹ́líìtì ló ń yí táímìǹgì rẹ̀. Gbogbo 90,000 máìlì, ìyẹn kìlómítà 145,000, ni kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù omi. Tí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi ẹ̀rí hàn, ẹ ṣe é bí èyí tí wọn kò tíì pààrọ̀ rí. Bọ́ọ̀lù jọ́íǹtì ìsàlẹ̀ níwájú àwọn ti 2000 sí 2006 náà ń jẹ. Tó bá já, ẹsẹ̀ á dojú bolẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Èyí tó ní 5.7, láti 2007 sí 2021, ṣéènì ló ní, kò ní bẹ́líìtì táímìǹgì. Ibi tí ọwọ́ ti ń jóná lára rẹ̀ ni pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú èéfín nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná, pàápàá lára àwọn tó jáde ṣáájú 2014. Omi máa ń wọnú rẹ̀, fáàfù rẹ̀ á há, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ọkọ̀ á sì kọ̀ láti sáré. Ẹ lè tẹ ẹsẹ̀ dé ilẹ̀, yóò kàn máa rìn bí arúgbó ni. Ẹ ní kí wọ́n fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ẹ́ńjìnnì, wò ó. Tó bá gbé kóòdù P2440 tàbí P2442 jáde, ohun náà nìyẹn, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san.

Ti Ford, ẹ yẹra fún 5.4 oní-fáàfù-mẹ́ta tí wọ́n fi sínú F-150 láti 2004 sí 2010. Ó máa ń tan ènìyàn jẹ, nítorí tó bá tutù, ó ń dún mùnọ̀mùnọ̀. Ìgbà tó bá gbóná, tí ọ́ìlì ti rọ̀, tí agbára tí ọ́ìlì fi ń ti ṣéènì ti dín kù, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́kọ̀ọ́ níwájú. Búùjì àwọn tó kọ́kọ́ jáde nínú wọn tún jẹ́ alápá méjì, ó máa ń kán sínú ẹ́ńjìnnì nígbà tí wọ́n bá ń tú u. EcoBoost 3.5, ẹ́ńjìnnì F-150 mìíràn, ti 2011 sí 2016 lágbára, kò sì jẹun púpọ̀. Ṣùgbọ́n tọ́bò méjì ló ní, tààrà sínú ìkòkò iná ló ń fọ́n epo, ó sì kórìíra ọ́ìlì tó ti pẹ́: ṣéènì rẹ̀ á nà, ẹ ó gbọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ṣáná lówùúrọ̀. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni bá máa rọ kpáyò sí kò yẹ kó jẹ́ EcoBoost. Nínú F-150, 5.0 ti 2011 sí 2017 ni kí ẹ wá.

Chevrolet Silverado 5.3 láti 2007 máa ń pa mẹ́rin nínú ìkòkò iná mẹ́jọ rẹ̀ láti fi dín epo kù. Ohun tó ń ṣe iṣẹ́ pípa àti títàn yẹn ló ń bàjẹ́, yóò sì máa dún tíkí-tíkí-tíkí, ọ́ìlì á sì máa lọ láìjò sílẹ̀. Ram Hemi 5.7, àwọn bóòtù tó di sàlẹ́ńsà mọ́ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń kán, lápá ẹ̀yìn jù. Ìyẹn ń dún nígbà tó tutù, ó sì ń dákẹ́ tó bá gbóná nítorí irin ti wú dí àlàfo náà. Tí kò bá wá dákẹ́, inú ẹ́ńjìnnì gan-an ni, ẹ fi sílẹ̀. Ford F-250 onígásúwálì 6.0 ti 2003 sí 2007, mo bẹ̀ yín, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ má ṣe ra á.

Ẹ ti wá rí ìdí tí mo fi ní ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tó tutù àti nígbà tó gbóná. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ má sọ wákàtí tí ẹ ń bọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n ti ṣáná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn. Kí ẹlòmíràn ṣáná, kí ẹ̀yin dúró níwájú rẹ̀ kí ẹ sì fetí sílẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wo èéfín. Tó bá ń rú búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Tó bá ń rú funfun tí kò tán, tó ń rùn bí ohun dídùn, omi radiétọ̀ ló ń wọ ibi tí kò yẹ. Ẹ wá wà á fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ dúró, kí ẹ fi í sílẹ̀ ní D, kí ẹsẹ̀ yín wà lórí bíréèkì, kí ẹ sì tún gbọ́ ọ. Omi inú radiétọ̀ Toyota máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ òdòdó. Tó bá dà bí omi ẹrẹ̀, omi kànga lásán ni wọ́n ń bù sí i, ìdọ̀tí ti dí inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ́ ẹní, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ báṣé yìí wá láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, bíi Michigan, Ohio, New York àti Kánádà, iyọ̀ náà sì ń jẹ ṣáásì láti inú bọ̀ síta. Òòlù kékeré kan tó. Ẹ máa fi kan ṣáásì láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí sípíríǹgì ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn àti òkè ibi tí táyà àpamọ́wọ́ ń gbé. Irin tó yè á dún kánkán, òòlù á ta padà. Irin tó ti kú á dún pòò, eruku pupa á já bọ́. Tí ẹ bá rí ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n kùn yípo abẹ́ ọkọ̀ tó ti pé ọdún 12, ẹ fi ṣúkúdíráfà ha á, nítorí ohun kan ni wọ́n fi bò. Ẹ wo páìpù bíréèkì náà. Ara F-150 láti 2015 jẹ́ alumíníọ̀mù tí kì í dógùn-ún, ṣùgbọ́n ṣáásì rẹ̀ ṣì jẹ́ irin.

Ti ọkọ̀ tí omi ti mu, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí tó fi tán, kí ẹ wo apá tó ti máa ń wà nínú. Ilà ẹrẹ̀ á wà lójú aṣọ rẹ̀. Ẹni tó fọ inú ọkọ̀ kì í rántí ibẹ̀. Àwọn tó mu omi ní Texas nígbà ìjì Harvey ní 2017 kò sọnù, wọ́n tà wọ́n ni.

Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ló wà nínú nọ́ńbà ṣáásì. Ìkẹwàá ń sọ ọdún: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ dé H tó jẹ́ 2017, wọ́n fo I, J wá di 2018. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Google. Àwòrán ibi tí wọ́n ti lu ọkọ̀ náà ní gbàǹjo máa ń jáde, ẹ ó rí bó ṣe rí kí wọ́n tó tún un kùn. Máìlì ni dáṣíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà ń kà. Tí wọ́n bá sọ pé 150,000 péré ló ti rìn, kìlómítà 241,000 ni wọ́n ń sọ yẹn. Lára táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 3216 ni ọ̀sẹ̀ 32 ní 2016, irú táyà bẹ́ẹ̀ kò yẹ lábẹ́ ẹrù mọ́ bó ti wù kó ní eyín tó.

Ìwé rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ inú pàrákì ló wọlé lórí ìwé tíráńsíìtì, pé ìlú mìíràn ni wọ́n ń lọ. Ẹ rí i pé wọ́n ti san owó dúwáànì (kọ́sítọ́ọ̀mù) Bẹ̀nẹ̀ lórí rẹ̀, pé nọ́ńbà 17 inú ìwé bá ti ara ṣáásì mu, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ANaTT, àjọ ìrìnnà orí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò ní ṣe kàát gíríìsì (ìwé ọkọ̀) fún yín. Kí ẹnikẹ́ni má sì tàn yín pé tí kò bá dáa, ẹ ó tà á sódì kejì ní Ìgòlò tàbí Ìlárá: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ni Nàìjíríà ti fi òfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti orí ilẹ̀.

Ti tuntun, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Tundra tuntun tí ẹ bá kó wá láti Amẹ́ríkà fúnra yín kò ní gáráǹtì tó máa tẹ̀ lé e dé Kétu. Toyota fúnra rẹ̀ kéde ní 2024 pé kí wọ́n dá nǹkan bíi 100,000 ti 2022 àti 2023 padà nítorí pàǹtí irin tó kù sínú ẹ́ńjìnnì V6 rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Hilux tuntun láti ọwọ́ aṣojú ní Kútọnú ni tuntun tó ní ìtumọ̀ fún iṣẹ́ yín, bí ẹ bá lè máa gbé e lọ síbẹ̀ fún vidáńjì (pípààrọ̀ ọ́ìlì) lásìkò; ẹ bèèrè bóyá ó ní fílítà ẹ̀fin lára sàlẹ́ńsà, nítorí gásúwálì ẹgbẹ́ títì máa ń dí i.

Tó bá jẹ́ àlòkù lẹ rà, ẹ má ná gbogbo owó tán sórí rẹ̀. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún sọ́tọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì (lítà 7.5 fún Tundra 5.7, 7.3 fún F-150 5.0), ọ́ìlì jíà, ọ́ìlì dífírẹ́ńsà, omi radiétọ̀, omi bíréèkì, fílítà afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, vidáńjì ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa tú fílítà afẹ́fẹ́ wò lọ́sẹ̀ méjìméjì, ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko á ti kún un.

Tí ẹ bá rí ọ̀kan tó wù yín, ẹ ya àwòrán òpó ilẹ̀kùn náà, nọ́ńbà ṣáásì àti abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó fi owó ìdúró sílẹ̀. A ó jọ wò ó.