Ọmọ ti wọ yunifásítì, owó ni kò sí

ÌBÉÈRÈ: Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan gba ọmọbìnrin mi wọlé. Ata ni mo ń tà, bàbá rẹ̀ sì ti di olóògbé. Wọ́n ní ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ṣùgbọ́n aládùúgbò mi sọ pé àfi ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ ìjọba ńlá tí yóò ṣe onídùúró fún un. Ṣé kí ó dúró di ọdún tó ń bọ̀ ni? (Ìyá kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ má jẹ́ kí ó dúró, ìyá mi, nítorí èsì JAMB ọdún yìí kò ní wúlò fún un lọ́dún tó ń bọ̀. Òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ọdún 2023 ló béèrè onídùúró, tó sì ní owó tó ń wọlé fún ìdílé kò gbọdọ̀ tó 500,000 náírà lọ́dún. Òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ti mú méjèèjì kúrò. NELFUND ni àjọ tó ń yáni lówó náà láìsí èlé. Yunifásítì gan-an ni wọ́n ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún, wọ́n sì ń fi 20,000 náírà ránṣẹ́ lóṣooṣù sí ọmọ tó bá béèrè owó ìgbọ́bùkátà. Ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán ni yóò tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà, bó bá ti rí iṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀.

Ibi tó ń ká mi lára ni owó acceptance, ìyẹn owó tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń san láti fi hàn pé òun gba ààyè náà, tí wọ́n sábà máa ń gbà kí ẹ̀yáwó tó dé, tí gbèdéke rẹ̀ kì í sì í pẹ́. Ọmọ olówó yóò san án lójú ẹsẹ̀. Ọmọ aláta lè tìtorí rẹ̀ pàdánù ààyè tó fi ọpọlọ ara rẹ̀ gbà, ìrẹ́jẹ gidi sì ni mo ka èyí sí. Nítorí náà, owó yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá wà nínú èésú lọ́jà, ẹ bẹ olórí yín kí ó jẹ́ kí ẹ kó tiyín ṣáájú.

Lẹ́yìn náà, kí ọmọ fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí ìkànnì NELFUND. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni lówó kankan. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu lórí NIN, BVN àti ìwé JAMB. Bí èyíkéyìí bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe nísinsìnyí, torí àtúnṣe NIN lè pẹ́. Kí ó sì lọ béèrè ní ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀ràn akẹ́kọ̀ọ́ bóyá yunifásítì ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí NELFUND, nítorí bí orúkọ náà kò bá dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn kò ní san kọ́bọ̀, bó ti wù kí fọ́ọ̀mù rẹ̀ pé tó.