Bí a ṣe ń so ọ̀rọ̀ èdè Nọ́wè pọ̀, àti bí a ṣe ń gé e sí sílébù

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọmọ mi wà ní kíláàsì kẹta ní Stavanger. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ nílé, bokmål (ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà kọ èdè Nọ́wè) ni wọ́n fi ń kọ́ ọ nílé ìwé. Kíkà ò ni í lára, àmọ́ tó bá ń kọ̀wé, ṣe ló máa ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀: skole sekk (àpò ilé ìwé), regn tøy (aṣọ òjò). Èyí tó bá wá so pọ̀, á sọ lẹ́tà kan nù nínú rẹ̀, bíi ungdomskole (ilé ìwé girama kékeré). Báírò pupa ni olùkọ́ fi ń tún un ṣe, kò sí àlàyé kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ní kó pàtẹ́wọ́ ka sílébù, bild-ekk ló ń pe bildekk. Èmi àti bàbá rẹ̀ ò mọ òfin rẹ̀ tó láti ràn án lọ́wọ́. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀? Ṣé òfin tiẹ̀ wà tó ń sọ ibi tí s ti ń yọjú láàárín ọ̀rọ̀?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú àbójútó ọmọ o, ìyá wa. Òfin wà, kò sì le tó bó ṣe rí lójú. Ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀yìn ni olórí ọ̀rọ̀ Nọ́wè máa ń wà. Lédè tiwa, olórí ló ń ṣíwájú: tí a bá ní aṣọ òjò, aṣọ là ń sọ, òjò kàn ń fi irú aṣọ tó jẹ́ hàn ni. Nọ́wè yí i padà: regn ni òjò, tøy ni aṣọ, ó di regntøy. Bàtà bọ́ọ̀lù di fotballsko, sko tó wà níparí ni bàtà. Ilé ìwòsàn ni sykehus, hus ni ilé. Ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá máa tètè mú èyí. Ẹ ṣáà jẹ́ kó máa ka ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú, kí ẹ máa bi í pé "Bàtà kí ni?", kó dáhùn pé "Bàtà bọ́ọ̀lù."

Apá tó gbẹ̀yìn yìí náà ló ń pinnu bóyá en, ei tàbí et (ọ̀rọ̀ kékeré tó ń ṣíwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, tó ń fi ẹ̀yà rẹ̀ hàn) ni, òun náà ló ń yí padà tí nǹkan bá di púpọ̀. Ẹ wo bord, tábìlì, tó jẹ́ et. Skrivebord, tábìlì ìkọ̀wé, jẹ́ et torí bord ló kẹ́yìn. Àmọ́ bordduk, aṣọ orí tábìlì, jẹ́ en torí duk ló kẹ́yìn. Bord tó wà níwájú ò láṣẹ kankan níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ gígùn kan tì nínú Bokmålsordboka (ìwé atúmọ̀ èdè bokmål, ọ̀fẹ́ ni lórí ordbokene.no), ẹ wá apá tó gbẹ̀yìn nìkan, ẹ ti rí ìdáhùn yín. Kò sí ìwé atúmọ̀ èdè tó lè kó irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí tán, ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń kan tuntun pọ̀.

Ìdí tí wọn ò fi gbà ká yà wọ́n ni pé ìtumọ̀ ń yí. Røykfritt lára ògiri túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ò gba sìgá. Ẹ yà á sí røyk fritt, ó di pé kí oníkálukú fa sìgá bó ṣe wù ú. Tunfiskbiter jẹ́ ègé ẹja tuna. Tunfisk biter, ẹja tuna ń géni jẹ nìyẹn. Særskriving ni wọ́n ń pe àṣìṣe yìí. Àwọn ọmọ Nọ́wè gan-an ń ṣe é, àgbà wọn náà ń ṣe é, ẹ má rò pé ti ọmọ yín nìkan ni. Àmọ́ tàwọn ọmọ wa tún ní ìdí méjì sí i. Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gbọ́ nílé sábà máa ń ya irú ọ̀rọ̀ báyìí sọ́tọ̀ tí a bá ń kọ ọ́. Ìdí kejì wà létí. Lẹ́nu wa, sílébù kọ̀ọ̀kan ló ní ohùn tirẹ̀. Lẹ́nu ọmọ Nọ́wè, ibì kan ṣoṣo ni ohùn ti ń wúwo jù nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀, apá àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń jẹ́. Èrò tèmi ni pé bí àwa òbí bá ń pè é bíi ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀rọ̀ méjì lọmọ máa kọ.

Ẹ fi norsk lærer àti norsklærer dán etí rẹ̀ wò. Norsk lærer ni olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Nọ́wè, ohun yòówù tí ì báà máa kọ́ni. Ohùn wúwo lórí norsk, ó tún wúwo lórí lær. Norsklærer ni ẹni tó ń kọ́ni ní èdè Nọ́wè, ì báà jẹ́ ọmọ Ìbàdàn. Orí norsk ni ohùn ti wúwo, ìyókù á kàn wọ́ tẹ̀ lé e. Bí etí ò bá dá a mọ̀, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀. Tí olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Nọ́wè bá pé méjì, wọ́n di norske lærere: norsk ti gba e, ó yí padà, ó dá dúró, ẹ yà á. Norsklærere ńkọ́? Norsk ò yí padà, ó ti lẹ̀ mọ́ èkejì, ẹ so ó. Rød bil (ọkọ̀ pupa) di røde biler, ìyẹn náà wà lọ́tọ̀. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó wà, èyí ni mo gbẹ́kẹ̀ lé jù fún ọmọ kíláàsì kẹta, torí kò nílò kó mọ orúkọ gírámà kankan.

Ó wá kan s tí ẹ béèrè. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ń so pọ̀ láìsí lẹ́tà kankan láàárín: matboks (abọ́ oúnjẹ), ullsokk (ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn). Àwọn mìíràn ń gba s tàbí e. Òfin kan ṣoṣo ò bo gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n apá tí ẹ lè gbára lé rèé: ọ̀rọ̀ tó bá parí sí -ing, -het, -dom, -sjon, tàbí -skap bíi ti vennskap, bó bá wà níwájú, s ló sábà máa ń gbà. Bí wọ́n ṣe rí sikkerhetsbelte, vennskapskamp àti informasjonsmøte nìyẹn. Níbí gan-an ni ungdomskole ọmọ yín ti wá. Ungdom parí sí -dom, ó gba s. Skole sì ní s tirẹ̀. S méjì ló yẹ kó wà níbẹ̀, ungdomsskole, èkíní ń so, èkejì jẹ́ ti ilé ìwé. Utviklingssamtale tí wọ́n máa ń pe òbí sí náà rí bẹ́ẹ̀: utvikling, s, samtale. Kó tó kọ ọ́, ẹ ní kó kọ apá méjèèjì sórí bébà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó sì ka s.

Bí apá iwájú fúnra rẹ̀ bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n so pọ̀, s lè wọlé níbi tí kò ti sí tẹ́lẹ̀: vinglass (ife wáìnì) kò ní s, rødvinsglass (ife wáìnì pupa) ní. Ẹ má sọ ìyẹn di òfin ṣá o, torí fotballsko ò gbà á. S yìí tiẹ̀ lè yí ìtumọ̀ padà: landmann ni àgbẹ̀, landsmann ni ọmọ ìlú ẹni. E ẹ máa rí i nínú barnehage (barn, e, hage), nínú julegave, àti nínú barnetog táwọn ọmọ ń tò ní 17. mai (ọjọ́ ayẹyẹ orílẹ̀-èdè Nọ́wè). Ti skrivebord, lesebok àti svømmehall yàtọ̀: e ibẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀, skrive, lese, svømme.

Kọ́ńsónáǹtì kan náà kì í pé mẹ́ta láàárín ọ̀rọ̀ tí a so pọ̀. Natt (òru) pẹ̀lú tog (ọkọ̀ ojú irin) máa di nattog, buss pẹ̀lú sjåfør máa di bussjåfør, ọ̀kan ti bọ́ lọ. Ọmọ tí kò mọ̀ á máa wá ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ́ "nat", kò ní rí i. Àmọ́ bó bá gé e ní ìparí ìlà, èyí tó bọ́ lọ á padà wá: natt-tog, buss-sjåfør. Ungdomsskole ò sí lára wọn, s méjì péré ló ní, ẹ má jẹ́ kó yọ ọ̀kan.

Ní ti sílébù, iye fáwẹ̀lì tí etí gbọ́ ni iye àtẹ́wọ́. Mẹ́sàn-án ni fáwẹ̀lì wọn: a, e, i, o, u, y, æ, ø, å. Ei, øy àti au jẹ́ àtẹ́wọ́ kan péré bí wọ́n bá jọ wà nínú sílébù, nítorí náà regntøy jẹ́ méjì, arbeidsplass jẹ́ mẹ́ta: ar-beids-plass. Ibi tí ọmọ yín ti ń kọsẹ̀ ni pé ó ń pàtẹ́wọ́ kó tó wá ojú ìsopọ̀. Ẹ gbé bildekk síwájú rẹ̀. Ó rí bild níbẹ̀ torí ó mọ bilde, àwòrán. Ẹ yọ bilde kúrò lára bildekk, kí ló kù? Kk. Kò ní fáwẹ̀lì, kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀. Ẹ yọ bil, ọkọ̀, dekk ló kù, táyà. Bil-dekk, táyà ọkọ̀. Ẹ wá gbé bildebok tì í. Ẹ yọ bil, debok ló kù, kò nítumọ̀. Ẹ yọ bilde, bok ló kù: bil-de-bok, mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ méjèèjì. Etí náà ń jẹ́rìí sí i: i inú bil gùn, i inú bilde kúrú, ti bildekk sì gùn bíi ti bil. Tí ìyẹn bá ti wọlé, ẹ fún un ní bildør, bilderamme àti bildeler (bil, deler).

S tó ń so ọ̀rọ̀ kì í bá apá ẹ̀yìn lọ. Arbeids-plass ni, kì í ṣe arbeid-splass. Ẹ tún kìlọ̀ fún un pé gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn kọ́ ni wọ́n so pọ̀: mat wà nínú matematikk, àmọ́ kò kan oúnjẹ. Ma-te-ma-tikk ni, ìparí rẹ̀ ni ohùn ti wúwo.

Gígé ọ̀rọ̀ ní ìparí ìlà kò jọ pípàtẹ́wọ́ pátápátá. Ojú ìsopọ̀ ni kó kọ́kọ́ wá: skole-sekk. Nínú ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú ìsopọ̀, kọ́ńsónáǹtì kan ló ń bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀: sko-le, vin-ter, hes-ten. Sj, kj àti skj jẹ́ ìró kan, a kì í gé wọn: bran-sje. A kì í fi lẹ́tà kan ṣoṣo sílẹ̀ lórí ìlà.

Fún ìdánrawò, ẹ gé bébà líle wẹ́wẹ́. Ẹ kọ regn, ull, fotball, skole sórí àwọn kan, kí ẹ fi báírò dúdú kọ wọ́n. Ẹ fi pupa kọ tøy, bukse, sokk, sko, sekk sórí àwọn yòókù pẹ̀lú en, ei tàbí et wọn. Dúdú kan, pupa kan, kó tò ó, kó sọ ohun tó jẹ́ ní Yorùbá, kó pè é lẹ́ẹ̀kan náà láìmí sí àárín, kó tó wá kọ ọ́. Mẹ́rin lójúmọ́ ti tó. Kó tó pẹ́, ẹ máa rí i tó ń so ohun tí kò yẹ ní síso, bíi "idag" (lónìí) àti "igår" (lánàá). I dag, i går, i morgen, til stede: yíyà ni àwọn wọ̀nyí.

Bí inne- og utesko (bàtà inú ilé àti ti ìta) bá wà nínú ukeplan yín (ètò ọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé ń fún òbí), ìlà kékeré yẹn ń dúró fún sko tí wọn ò kọ lẹ́ẹ̀mejì: innesko àti utesko. TV-program àti e-post náà ń lo ìlà yẹn, torí lẹ́tà lásán ló wà níwájú. Tó bá sì jẹ́ orí fóònù ló ń kọ̀wé, ẹ yí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ sí Norsk bokmål. Kíbọ́ọ̀dù tó wà lórí Gẹ̀ẹ́sì á máa fa ìlà pupa sábẹ́ skolesekk tó kọ dáadáa, á sì máa tọ́ka sí i pé kó yà á.